Ihò Ọgànwó ní Ushafa

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnì dé,
tí wọ́n ní kí n wó ọgànwó ẹ̀bá ọ̀nà
kí títì lè gbòòrò dé ibi afárá,
n kò tíì gé ẹ̀ka kan.

Ìyá Ṣekwolo ló fà á.
Ó ru igi ìdáná sí èjìká bí àwọn obìnrin Gbagyi ti ń rù ú,
orí rẹ̀ ṣófo, ó ń fi Hausa bá mi sọ̀rọ̀
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ro ẹ̀kọ fún aláìsàn:
"Dúró di ìrọ̀lẹ́. Kà wọ́n ná, kó o tó pa wọ́n."

Mo dúró. Kí ni n bá tún ṣe?
Epo ti wọ́n, ọmọṣẹ́ mi kò tíì dé láti Súléjà.
Oòrùn rì sẹ́yìn òkè Bwari,
ihò kan tí kò ju ẹnu ife lọ
bẹ̀rẹ̀ sí pọ òòbẹ̀.
Ọ̀kan.
Ó dákẹ́ díẹ̀. Méjì.
Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú jáde bí èéfín ilé tó ń jó.
Mo kà dé mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ojú mi ṣú.

"Obìnrin ni gbogbo wọn," ìyá wí.
Mo rẹ́rìn-ín: "Ta ló yẹ̀ wọ́n wò?"
Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní àwọn ọkọ wọn ń dá sùn,
oníkálukú lábẹ́ èèpo igi emi tó ti gbẹ.
Mo ro yàrá mi ní Kùbwá, bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́nìkan,
ìyàwó mi ní Ìkirè.
Mo panu mọ́.

Nínú ihò, àyà ń kan àyà,
ìyá àti ọmọ so rọ̀, wọ́n fi orí kodò,
wọ́n ń yá ara wọn ní ooru,
nítorí òtútù àkọ́rọ̀ òjò
kì í bi ọmọ tí kò nírun léèrè kó tó wọlé.

Wọn kì í sì í pẹ́ níbì kan.
Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n á kó lọ sí ihò oṣè
lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò,
ìdajì á gba ibòmíràn lọ,
ọmọ á lẹ̀ mọ́ ìyá láyà bí ẹrù ẹni tó ń sá fún onílé.
Wọ́n á tún pàdé.
Ilé mẹ́fà ni èmi ti gbé nínú Abuja yìí:
Ǹyányà, Kárù, ibi tí katakata ti jí wa láàárọ̀ kan ní Mpàpé.
Nínú gbogbo ẹni tá a jọ pọnmi níbẹ̀
n kò mọ ibi tí ẹyọ kan gbà.

Lóru mo fi etí ti ara igi.
Èyí tó kọ́kọ́ bọ̀ láti oko ẹ̀fọn ń pe ọmọ,
ẹgbẹ̀rún ohùn tín-ín-rín ń jẹ́ ẹ,
ó sì mọ tirẹ̀.
Irọ́ ni, mo ní. Báwo ló ṣe lè mọ̀ ọ́n?
Mo pe ilé. Ọmọ kan wúkọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.
Mo ní, "Ṣíjúadé nìyẹn. Ẹ fi òrí pa á láyà."
Ìyá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù.
"Òun ni," ó ní.

Láàárọ̀ ihò náà dákẹ́ rọ́rọ́.
Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: kò sí nǹkan kan
bí kò ṣe ìgbẹ́ kíún-kíún, àti ooru.
Ooru náà ṣì wà níbẹ̀.
Ọ̀gá títì dé, ó ní ààyè ti ṣí sílẹ̀, kí n gé e.
Ìyá Ṣekwolo ń kọjá lọ sódò, kò wò mí.
Mo fa okùn ẹ́ńjìnì, ó bú,
mo jẹ́ kó bú títí, mo pa á.
"Ọ̀gá, ó ti bàjẹ́."

Kò bàjẹ́.
Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò mi,
ó gbóná mọ́ mi nítan.